Ta ló pa bọ́ọ̀dù náà?

Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n fi òkúta pa lọ. Pá! Lẹ́yìn náà ni òórùn dé, òórùn ike jíjó tí kò sí ẹni tó ń tún ohun èlò iná ṣe tí kò mọ̀ ọ́n. Orí àkàbà ni mo wà, lẹ́yìn ilé Màmá kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀dù tuntun tí mo fi owó Màmá rà, pátákó tó ń darí ẹ̀rọ ìta amúlétutù wọn, kú lójú mi. Kò lò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láyé.

Màmá yọjú lójú fèrèsé: "Ẹnjiníà, kí ló dún yẹn? Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Kò sí, Mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Gbogbo bí mo ṣe ń wá àléébù nínú ẹ̀rọ ìta amúlétutù ínfátà lónìí, ọjọ́ yẹn ló ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà náà, ẹ̀rọ ojú fèrèsé àti àwọn amúlétutù onílé-méjì àtijọ́ la ń tún ṣe, iṣẹ́ etí àti iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Bí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ bá ń kùn tí kò gbéra, a ó pààrọ̀ kapásítọ̀. Bí kò bá kùn rárá, a ó tọ wáyà rẹ̀ lọ. Orí mẹ́ta ni kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ìgbà yẹn ní: C tó jẹ́ ti gbogbo wọn, S tó ń mú un gbéra, àti R tó ń mú un sáré. O ó fi míta wọn C sí R, o ó wọn C sí S, o ó ro méjèèjì pọ̀, àròpọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bá S sí R mu. Mo mọ ìṣirò yẹn bí ẹni mowó.

Ìgbà tí ínfátà wá dé, ìṣirò yẹn gan-an ló kó bá mi. Mo yọ wáyà kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ẹ̀rọ kan, mo wọn orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ń kọ ọ́ọ̀mù kan lé díẹ̀. Kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Mo ní kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ti jóná, wáyà inú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ gbà mí gbọ́, ó sì ra òmíràn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn: nínú kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ínfátà, tí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ ń jẹ́ U, V àti W, U sí V, V sí W, U sí W gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìgbà tí wọn ò bá dọ́gba ni ká tó bẹ̀rù. Mo padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni náà, mo sọ òótọ́ fún un. Kò bínú tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí títí di òní pé mo dájọ́ ikú fún ohun tó wà láàyè.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa náà kò mọ ohun tí ínfátà jẹ́. Nílùú wa, tí èèyàn bá gbọ́ ínfátà, bátìrì ló máa wá sí i lọ́kàn, èyí tó ń tanná sílé nígbà tí Nẹ́pà bá gba iná lọ. Wọ́n á bi mí pé níbo ni bátìrì amúlétutù náà wà. Kò ní bátìrì. Iná Nẹ́pà, fóòtì 220 sí 230, yóò wọ ẹ̀rọ ìta, yóò gba inú fíúsì kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni fárísítọ̀ wà, ohun pẹlẹbẹ kan tó rí roboto bí owó kọ́bọ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, òun ló ń fi ara rẹ̀ gba ìyà kí àwọn yòókù lè yè. Lẹ́yìn náà ló kan bírídìjì, dáódù mẹ́rin nínú ilé kan ṣoṣo, tó ń sọ iná alọ-àbọ̀ di DC, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn kapásítọ̀ ńlá tí wọ́n máa ń kọ 400V tàbí 450V sí lára ló ń tọ́jú DC yìí, ó sì máa ń tó nǹkan bí fóòtì 310. Ibẹ̀ ni IPM, ẹ̀yà kan lórí bọ́ọ̀dù, ti ń bù ú, tó ń gé e wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di iná tíríì-fésì tí yóò máa yí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ kíákíá tàbí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí yàrá bá ṣe gbóná tó. Ìdí tí owó iná rẹ̀ fi kéré nìyẹn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí iye iná fún àwọn tó wà ní Báǹdì A fò lẹ́ẹ̀kan náà dé náírà 225 fún yúnìtì kan, ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti pọ̀ lọ́wọ́ wa ju ti àtijọ́ lọ.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sílé Màmá.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ẹ̀rọ inú ilé ń fẹ́ afẹ́fẹ́, kò tutù, ó sì ń kọ kóòdù tó túmọ̀ sí pé òun àti ẹ̀rọ ìta kò gbọ́ ara wọn. Mo tú ẹ̀rọ ìta. Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tàn. Mo wọn kapásítọ̀ ńlá, fóòtì 310 pé síbẹ̀. Mo wọn ibi tó yẹ kí fóòtì 15 wà, òfo. Mo wọn fóòtì 5 tó ń gbé ọpọlọ bọ́ọ̀dù ró, òfo. Mo ní, ó tán, bọ́ọ̀dù ti kú. Títí dé ibẹ̀, irọ́ kò sí nínú ohun tí mo sọ. Mo ránṣẹ́ sí Aláábà, wọ́n fi bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ láti Èkó, mo gbé e sí i, mo kì gbogbo wáyà padà bí mo ṣe bá a, mo gbé bíréékà sókè. Pá!

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í gun àkàbà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n wá ní:

"Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, kí ló ṣe é?"

"Ó kú, sà."

"Mi ò bi ọ́ pé ṣé ó kú. Ta ló pa á?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lọ gbé òkú àkọ́kọ́ yẹn, kí o wò ó dáadáa."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yọ bọ́ọ̀dù àtijọ́ nínú àpò, mo gbé e sójú oòrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ń ki wáyà fáànù sí, kapásítọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ. 25V ni wọ́n kọ sí i lára. Orí rẹ̀ ti wú, ó lé ténté bíi ti pọ́fù-pọ́fù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ léfòó lójú epo. Mo gbé bọ́ọ̀dù tuntun tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kapásítọ̀ kan náà, ojú kan náà, òun ló bẹ́ tó dún yẹn. Fóòtì 15 ló yẹ kó máa gba ibẹ̀ kọjá. Nǹkan kan ló da iná tó ju ìyẹn lọ fíìfíì sí i lára, kò sì sí ibòmíràn tí iná bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé ju wáyà fáànù lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, mọ́tò fáànù ìta kì í ṣe mọ́tò lásán mọ́. DC ni, bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, wáyà márùn-ún ló sì jáde lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, pupa ń gbé fóòtì 310, dúdú ni ilẹ̀, funfun ń gbé fóòtì 15, yẹ́lò ló ń sọ bí fáànù yóò ṣe sáré tó, búlúù ló ń dáhùn padà pé òun ti yí. Mo fi míta wọn pupa sí dúdú. Ó yẹ kó pọ̀ gan-an, kó súnmọ́ mílíọ̀nù ọ́ọ̀mù. Mo wọn pupa sí funfun, ibi tí kò yẹ kí ọ̀nà wà rárá. Míta kọ ọ́ọ̀mù mẹ́rin.

Fóòtì 310 ti rí ọ̀nà gba inú mọ́tò lọ sí ilé fóòtì 15. Bọ́ọ̀dù mélòó ni mi ò bá pa síbẹ̀?

Mo sọ fún Màmá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, àṣìṣe ọwọ́ mi ni. Owó fáànù nìkan ni ẹ ó san, èmi ni mo máa ra bọ́ọ̀dù mìíràn dípò èyí tó bẹ́." Owó tí mo ń kó jọ de ilé-ìwé ọmọ ni mo yọ. Màmá ti ṣe tíṣà rí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀dù kankan kì í gba ọwọ́ mi wọ ẹ̀rọ títí mo fi wọn gbogbo ohun tó máa kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

N kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí bíréékà bá tilẹ̀ ti wálẹ̀, fóòtì 310 ṣì wà nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá. Bọ́ọ̀dù tó ti kú ló tún léwu jù, torí kò sí ohun tó ń jẹ iná náà mọ́, ó lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gúlóòbù wáàtì 100 kan wà nínú àpò mi, ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, kì í ṣe èyí tí kì í jẹ iná. Mo so wáyà méjì tí mo fi rọ́bà bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa fi orí wáyà méjèèjì kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì. Gúlóòbù á tàn yòò, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á sì kú, bí ojú ẹni tí oorun gbé. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi míta wọn ọ́n. Bí kò bá tíì wálẹ̀ ju fóòtì 10 lọ, ọwọ́ mi kò ní débẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi sukudíráfà ṣe é rí kí n tó yíjú. Iná yẹn já orí sukudíráfà náà jẹ, ó sì gbé ọmọ náà jìnnà sí ògiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́. N kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Bí mo bá ti sinmi lára ìyẹn, ojú àti imú ló kàn. Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Ọmọńlé ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀, tí yóò ti gan mọ́ àárín ẹsẹ̀ IPM, ìrù níhìn-ín, orí lọ́hùn-ún, torí ibẹ̀ móoru lálẹ́. Eèrà náà fẹ́ràn inú rílè. Ní àdúgbò tó súnmọ́ òkun, Ajah àti Lẹ́kí, afẹ́fẹ́ iyọ̀ á ti sọ ẹsẹ̀ àwọn nǹkan di àwọ̀ ewé. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, fífọ̀ àti sọ́dà tuntun máa ń jí òmíràn nínú wọn.

Míta ló kàn, iná ò sì tíì sí níbẹ̀ o. Fíúsì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí lásán ni mo kà á sí. Fíúsì tó já ń sọ fún mi pé nǹkan kan fa iná púpọ̀. Mo ti bá ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi okùn wáyà dí ojú fíúsì, èyí tó yẹ kó jẹ́ fíúsì nìkan ló kú, ó ti wá di pé bọ́ọ̀dù ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò. Tí fíúsì bá já, tí fárísítọ̀ sì bẹ́, ó ṣeé ṣe kí níútírà ti já lórí òpó, kí iná tó ju 220 lọ jìnnà wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún oníṣẹ́ tó máa yọ fárísítọ̀ tó bẹ́, tó máa fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo pé ẹ̀rọ ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà míì tí níútírà bá já, kò ní sí ẹni tó máa gba ìyà fún àwọn yòókù.

Bírídìjì: mo máa ń fi míta sí dáódù, kí n wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́nà kan, ó yẹ kó kọ nǹkan bíi 0.4 sí 0.6. Tí mo bá yí wáyà míta padà, kó kọ OL, ìyẹn ni pé kò sí ọ̀nà. Tí ó bá kọ òdo lọ́nà méjèèjì, ó ti lọ.

IPM lọ́kàn mi máa ń lọ sí jù, torí òun ló wọ́n jù. Mo máa yọ wáyà kọ̀ǹprẹ́sọ̀ kúrò pátápátá, torí bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, wáyà inú kọ̀ǹprẹ́sọ̀ á so U, V àti W pọ̀, míta á wá máa purọ́. Lẹ́yìn náà, láti P, ibi tí DC ti ń wọlé, sí U, V, W. Láti N sí U, V, W. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn, màá tún yí wáyà míta padà, ó di méjìlá. Iye tí míta kọ fún U, V àti W gbọ́dọ̀ jọ ara wọn. Bí méjì bá kọ 0.45, tí ẹ̀kẹta kọ 0.02, mo ti rí òkú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ọ̀gá mi á dìde: ta ló pa á? Màá wọn kọ̀ǹprẹ́sọ̀, U sí V, V sí W, U sí W, màá sì fi mẹ́gà, míta tó ń fi fóòtì 500 wá iná tó ń jò, wọn orí rẹ̀ sí ara irin, bóyá iná ń jò sára. Màá tún yọ IPM wò lẹ́yìn, bóyá ìpara funfun tó yẹ kó wà láàárín òun àti irin tó ń fa ooru rẹ̀ ti gbẹ bí ẹfun. Bí ìpara yẹn bá gbẹ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, IPM tuntun náà máa tọ ti àtijọ́ lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé iná Nẹ́pà sí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ínfátà ní dáréètì láti fi dán an wò. Ẹ má ṣe é. Kì í ṣe iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ máa jó o.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ tán ni mo máa gbé iná sí i, gúlóòbù yẹn náà ni mo sì ń lò. Mo máa fi í sáàárín ojú ọ̀nà láìfù, tí iná yóò fi gba inú gúlóòbù kó tó dé bọ́ọ̀dù, láìso kọ̀ǹprẹ́sọ̀. Bó bá tàn gbòò lẹ́ẹ̀kan, tí ó wá rẹlẹ̀, àwọn kapásítọ̀ ti mu yó, ara bọ́ọ̀dù le. Bó bá tàn tí kò rẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀tì wà níbì kan, gúlóòbù ló sì ń jẹ ìyà tí bọ́ọ̀dù ìbá jẹ. Ká ní mo ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé Màmá, bóyá bọ́ọ̀dù kejì ìbá yè. Fáànù, mi ò ní yọ wáyà rẹ̀ tàbí kí n ki wáyà rẹ̀ padà nígbà tí iná bá wà lára bọ́ọ̀dù láé. Ìyẹn náà ń pa mọ́tò, ó ń pa bọ́ọ̀dù.

Kóòdù ojú ẹ̀rọ ńkọ́? Mo ń kà á, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kóòdù pé wọn kò gbọ́ ara wọn tí mo rí nílé Màmá, mo tún rí i níbòmíràn, tí bọ́ọ̀dù méjèèjì sì wà láàyè. Wáyà tó lọ láti inú ilé síta ni ẹnì kan já lókè àjà, tó so ó pọ̀, tó fi séló-téèpù wé e. Bàbà ibẹ̀ ti di ewé. Mo fa wáyà tuntun tí kò ní oríkèé, ọ̀rọ̀ sì parí. Kóòdù sọ fún ọ pé ẹni méjì kò gbọ́ ara wọn. Kò sọ èyí tó yadi nínú wọn, kò sì sọ bóyá ọ̀nà ló dí.

Ní Àkóbọ̀, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń kú ní alaalẹ́, tó máa kọ kóòdù iná kékeré. Àwọn oníṣẹ́ ti wá ṣáájú mi, wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Mo wọn iná, 214. Kò burú. Mo jókòó tì í, mo jẹ́ kí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ máa sáré sókè, ojú mi kò kúrò lára míta. 205. 190. 171. Nígbà tó di 158, ẹ̀rọ kú. Mo tọ iná padà dé ṣéńjí-ófà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé. Mo gbé ọwọ́ sún mọ́ ibi tí níútírà wọlé, ooru rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. Ike ibẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà. Wáyà tó tú lásán ni. Bí ẹ bá wọn iná nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni míta sọ fún yín.

Sẹ́ńsọ̀, èyí tó ń wọn ooru, kò gba wàhálà púpọ̀. Yọ ọ́, wọn ọ́n, fi wé iye tí ilé-iṣẹ́ kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kílò-ọ́ọ̀mù 10 bí ooru bá wà ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì 25, àwọn kan jẹ́ 5, àwọn kan 15 tàbí 20, tí èyí tó wà lára páìpù gbígbóná sì máa ń jẹ́ 50 lọ́pọ̀ ìgbà. Di í mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí ara rẹ ṣe ń mú un gbóná, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń fò sókè sódò, kò dára mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan pè mí pé òun ti ra bọ́ọ̀dù fúnra òun, kí n kàn wá gbé e sí i, kò ju iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo dé ibẹ̀, mo tú u, mo fi gúlóòbù sọ ọ́ kalẹ̀, mo wọn kọ̀ǹprẹ́sọ̀, ó mọ́. Mo wọn fáànù. Pupa sí funfun, ọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Mo fi hàn án lójú míta, mo ní bọ́ọ̀dù yín ṣì wà nínú páálí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, fáànù la máa kọ́kọ́ rà. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ẹlòmíràn sọ fún òun pé bọ́ọ̀dù nìkan ni. Mo ní mo gbọ́, sà, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e sí i. Mo kó irinṣẹ́ mi. Kò tíì pè mí padà.